Ohun Tí Wọ́n Kọ Sára Ògiri ní Ìlú Òyìnbó

Ìdájí ni a kúrò ní Kemta. Ọkọ̀ òfúrufú wa kò ní gbéra kí ó tó di alẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́lá, ìyàwó mi, ti di gèlè tán kí àkùkọ tó kọ. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ní òun kò ní jẹ́ kí bàálù já òun sílẹ̀ nítorí ọkùnrin tó ń wá fìlà. Mo wá fìlà náà yíká ilé. Nígbà tí mo máa rí i, orí rẹ̀ ni ìyàwó mi jókòó lé.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ó yẹ kí ẹ mọ irú ojú tí mo gbé lọ sí òkè òkun. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mo ń ṣe. Bí ẹ bá rí ilé kan ní Abẹ́òkúta tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sí lára, tí lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ọwọ́ mi ni. Bí ó bá wọ́, ẹlòmíràn ni. "Má tọ̀ síbí" tí mo ti kọ kò lóǹkà. Mo kọ ọ̀kan rí ní Ìtòkú, mo lọ jẹun, nígbà tí mo padà dé ara ògiri náà tutù, kì í sì í ṣe ọ̀dà ló mú un tutù. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá dé ìlú òyìnbó, ilé gíga ni yóò máa wò. Èmi, ohun tí wọ́n kọ ni mo ń wò, mo sì ń wò ó bí télọ̀ ṣe ń wo ẹ̀wù ọlọ́wù.

Ìlú Leeds ni Bọ́lá, ọmọ wa, ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà láàárín òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Bí ó bá lọ, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó padà sílé. Nígbà tí Bọ́lá bímọ, ìyá rẹ̀ ti di ẹrù sílẹ̀: ọṣẹ dúdú, òrí, kànìnkànìn, gbogbo ohun tí ìyá fi ń tọ́jú ìyá ìkókó. Àwọn tó ń fúnni ní físà ní rárá. Wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé yóò padà wá sílé. Obìnrin tó ní ìsọ̀ àdìrẹ ní Ìtòkú, tí kò lè sùn mọ́jú ní Ìbàdàn nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀, òun ni wọ́n rò pé ó fẹ́ lọ fi ìyókù ayé rẹ̀ mu òtútù. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọmọ náà ti ń rìn kí wọ́n tó yọ̀ǹda fún àwa méjèèjì.

Mùfú tó máa ń gbé ẹrù àdìrẹ fún ìyàwó mi ni ó gbé wa lọ sí Ìkẹjà. A kọjá Itori, ojú ọ̀nà kún fún tírélà àti eruku sìmẹ́ńtì, Mùfú sì ń yà wọ́n sílẹ̀ bí ẹni tó jogún ọ̀nà.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, gbogbo nǹkan tí wọ́n bá kọ ni kẹ́ ẹ máa kà o," ni ó wí. "Ìwé ni wọ́n fi ń rìn níbẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ tí o kò tíì ka 'Rọra' kan ṣoṣo láti Kemta."

Ìyá Bọ́lá kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìta. Ó ní, "Ìgbà tó nílò mi, wọn ò jẹ́ kí n lọ. Nísinsìnyí tí ọmọ ti ń rìn, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Ṣé Bọ́lá ṣì nílò ìyá?"

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé bí kò bá nílò ìyá, yóò nílò ẹ̀fọ́ gbígbẹ tó wà nínú báàgì. Ìbéèrè yẹn ni ó gbé wọ bàálù, tí ó sì gbé sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní pápákọ̀ òfúrufú wọn, mo ra tíì kan ní pọ́n-ùn mẹ́ta àti àádọ́ta pẹ́ńsì. Wọ́n kọ ọ́ sára ife náà pé, "Ẹ ṣọ́ra, ohun tó wà nínú rẹ̀ gbóná." Ara mi balẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń mu tíì, kò sí ẹni tó fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀rọ omi àkọ́kọ́ ní àkọlé pé omi rẹ̀ gbóná gidi. Èkejì ní àkọlé pé omi rẹ̀ kì í ṣe mímu. Ẹ̀kẹta ní àkọlé pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta yìí ni mo ti mọ̀ láti ilé.

Ohun kan tètè hàn sí mi nípa àkọlé wọn: ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Jọ̀wọ́ má ṣe tẹ koríko. Jọ̀wọ́ kó ìgbẹ́ ajá rẹ. Bí ẹ bá rò pé ẹ̀bẹ̀ náà ti parí síbẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré: bí o kò bá kó o, ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni ìtanràn. Àwa kì í fi àkókò ṣòfò bẹ́ẹ̀. Èébú ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń fi èpè parí rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí à ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

A wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Leeds. Àga rọ̀, ilẹ̀ mọ́, gbogbo ènìyàn jókòó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìyá Bọ́lá kí wọn káàárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, òun náà sì wo ẹ̀yìn wò bóyá òun ni à ń bá wí. Ìyàwó mi gbé fóònù, ó pe Bọ́lá pẹ̀lú irú ohùn tí wọ́n fi ń pe alábàárù ní Ìtòkú.

"A ti wọkọ̀ o! Bẹ́ẹ̀ ni! Bàbá ẹ wà níbí, ó ń ka pátákó!"

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù na ìka sí ara fèrèsé. Mo ka ohun tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi pé ibi ìdákẹ́jẹ́ ni a jókòó sí, a kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Wọ́n á jókòó láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé ọ̀dọ̀ Bọ́lá, ẹnì kan ò ní bi ẹnì kejì pé ilé ńkọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ka owó tí wọ́n ní Bọ́lá san lórí ìjókòó náà sí owó ìtanràn, ó di ẹnu rẹ̀, ó sì ń fi ojú bá mi jà títí a fi dé.

Bọ́lá wá pàdé wa ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Jamíù ni orúkọ rẹ̀, èmi ń pè é ní Àkànní. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi ehoro aláṣọ kan bo ojú rẹ̀. Ehoro náà jẹ́ aláwọ̀ eérú, etí rẹ̀ kan ti rún nítorí jíjẹ.

Bọ́lá ní, "Màámi, Bàbá, ẹ bá mi máa ṣọ́ ehoro yìí o. Tó bá sọnù, ẹnikẹ́ni ò ní sùn nínú ilé."

A dé ilé. Ilé dára, ó mọ́, àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tóóró. Ibẹ̀ ni mo ti rí àkọlé tó dà mí láàmú ju ti gbogbo ìlú òyìnbó lọ. Ìwé pélébé aláwọ̀ òféfèé ni, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ọwọ́ Bọ́lá sì ni. Lára sítóòfù: "Pa iná. Padà wá wò ó." Lára ilẹ̀kùn ìta: "Kọ́kọ́rọ́ dà?" Lára fíríìjì: "Jẹun." Lára àga gígùn tó wà ní pálọ̀: "Má gbé ọmọ sùn síbí." Ìyá Bọ́lá kò ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, èmi ni mo ń kà á fún un bí a ti ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì ń le sí i. Nígbà tí a dé ilé ìwẹ̀, ọ̀kan wà lára dígí: "Wẹ̀ lónìí."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó gbé apá sókè, ó gbóòórùn abíyá ara rẹ̀.

"A ò tíì jókòó," ni ó wí. "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ ti ń kọ̀wé sí mi pé kí n wẹ̀."

"Bóyá ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́ fún."

"Orí omi lọkọ ẹ̀ wà. Omi wo ló tún fẹ́ kó wẹ̀?"

Mo wo iṣẹ́ ọwọ́ náà dáadáa. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ó dà bí ìgbà tí ẹni tó kọ ọ́ ń tòògbé. A kò béèrè ohunkóhun. Ẹ̀gbá ni wá, a mọ̀ pé àlejò kì í bá onílé jà lórí ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, yóò dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, yóò ké pé, "Bọ́lá, mo ń lọ wẹ̀ o." Bí ó bá fẹ́ gbé oúnjẹ sẹ́nu, yóò ní, "Mo ń jẹun o, bí wọ́n ṣe wí." Bọ́lá yóò wò ó, yóò ní, "Ẹ kú ìmọ́tótó, Màámi." Bọ́lá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà nínú ilé, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kí ó gbé ọmọ wá, yóò ní, "Ẹ sinmi, Màámi, ó rẹ̀ yín." Ìyá Bọ́lá yóò jókòó, yóò máa ká ìborùn rẹ̀, yóò tún máa tú u.

Nítorí àtisinmi yìí, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri àdúgbò. Ilẹ̀kùn bí ìdajì ilé tó wà níbẹ̀ ní àkọlé pé àwọn onílé kò fẹ́ àlejò tí wọn kò pè. Ìyàwó mi bi mí pé, bí wọ́n bá kú sínú ilé ńkọ́, ta ni yóò mọ̀. Mo ní bóyá wọ́n máa ń kọ ìyẹn náà sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, a rí àwòrán olóògbé kan lára òpó iná, a sún mọ́ ọn kí a lè bá wọn kẹ́dùn. Ológbò ni. Kò kú, ó sọnù ni. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ irú oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó máa ń tijú àlejò. Mo sọ fún Ìyá Bọ́lá pé ọmọ àdúgbò tòótọ́ ni ológbò yẹn.

Pápá kan wà lẹ́yìn àdúgbò wọn, tí ó ní igi ńláńlá àti àga onígi káàkiri. A jókòó sórí ọ̀kan, ẹsẹ̀ ń dùn wá. Mo wẹ̀yìn, mo rí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ àga náà: orúkọ obìnrin kan, ọdún tí wọ́n bí i, ọdún tó kú, àti pé ó fẹ́ràn ibí yìí púpọ̀. Mo kà á sókè. Kí n tó kà á tán, ìyàwó mi ti dìde. Ẹ mọ̀ pé iwájú ilé ni àwa ń sin òkú wa sí ní Abẹ́òkúta, a ó tẹ́ máàbù lé e, a ó kọ orúkọ àti ọdún sí i. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí á mọ̀ pé obìnrin náà kò sí lábẹ́ àga. Ìyá Bọ́lá tẹríba díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màámá, a ò mọ̀ pé ilé yín nìyí." A lọ sórí àga mìíràn. Ọkùnrin kan ló ni ìyẹn, òun àti ajá rẹ̀. Títí a fi kúrò ní ìlú náà, orí ìdúró ni a ti ń gbádùn pápá wọn.

Ohun tó wá kó wa sí ìjàngbọ̀n kò ní lẹ́tà kankan lára. Irin ọgbà kan wà ní igun ọ̀nà tó lọ sí pápá, èyí tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ṣóńṣó. Lọ́jọ́ kan, a rí ìbọ̀wọ́ ọmọdé kan ṣoṣo tí wọ́n fi kọ́ orí irin náà. Lọ́jọ́ kejì, bàtà ọmọdé kan ṣoṣo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Bọ́lá dúró, ó di apá mi mú.

"Ààlè," ni ó wí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ oko, ẹ mọ ààlè. Ẹni tó ṣẹ́ igi ìdáná jọ sínú igbó, tí kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e, yóò so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, tàbí ṣùkù àgbàdo, tàbí àkísà pupa, tàbí ẹyọ bàtà àtijọ́. Gbogbo ẹni tó bá rí i ti kà á tán: bí o bá fọwọ́ kàn án, ohunkóhun tí ojú rẹ bá rí, ìwọ lo fà á. Mo rẹ́rìn-ín sí ìyàwó mi, mo ní òyìnbó kò mọ ààlè. Ó ní kí n lọ mú bàtà náà wá nígbà náà. Mo ní bàtà náà kò bá ẹsẹ̀ mi mu. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń gbà lọ sí pápá, ó sì jìn.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Bọ́lá ní òun gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò fi ọmọ náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni fún odindi ọjọ́ rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó tún jáde. Nígbà tó lọ tán, ojú Ìyá Bọ́lá tàn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó ní, "Òní ni yóò mọ̀ bóyá mo wúlò." Ó wẹ ọmọ, ó fún un ní ẹ̀kọ, ó pọ̀n ọ́n. Lọ́sàn-án a gbé e sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti gbé e jáde. Ojú ọ̀run ṣú, nítorí náà ọ̀nà tó yá ni a gbà, ti ẹ̀gbẹ́ irin ọgbà yẹn. Ìyàwó mi fi ìborùn bo ọmọ lójú kí ó má rí ohun tí kò yẹ kó rí, a sì sáré kọjá. Ọmọ ti sùn kí a tó dé pápá.

Nígbà tí à ń bọ̀, òjò ti ń ṣẹ́, a gba òdìkejì títì. Mo yọjú wo irin ọgbà náà. Ìyá Bọ́lá ní, "Má wò ó. Wọ́n ti fi odindi ẹran sí i." A kò dúró mí kí a tó dé ilé.

Ọmọ jí. Ó na ọwọ́ sí ehoro. Ehoro kò sí.

Igbe tí ọmọ yẹn ké, n kò mọ̀ pé ó wà nínú ara tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo padà sínú òjò. Mo wo ilẹ̀, mo wo abẹ́ igi, mo wo ìdí àga gbogbo olóògbé tó wà ní pápá. Nígbà tí Bọ́lá máa wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ohùn ọmọ ti há, ìyá rẹ̀ àgbà ń gbé e kiri pálọ̀, ojú òun náà kún fún omi.

Bọ́lá gba ọmọ. Kò bínú, ìyẹn gan-an ni ó dùn wá jù. Ó ní, "Ṣé ẹ wo ara irin ọgbà tó wà ní igun yẹn?"

Ìyá Bọ́lá ní, "Ta ló máa lọ wo ibẹ̀? Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń pààlè síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lónìí wọ́n ti fi ẹran sí i. Ojú mi ló rí i. Etí ẹ̀ méjèèjì ń mì."

"Irú ẹran wo, Màámi?"

"Ẹran kékeré kan. Aláwọ̀ eérú, elétí gígùn..." Bí ó ti ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

Bọ́lá gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé. Nígbà tó padà dé, ehoro wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀. Ọmọ gbà á tòun ti òtútù rẹ̀, ó fi etí rẹ̀ sẹ́nu, ó sùn. Bọ́lá wá ṣàlàyé fún wa pé àṣà wọn ni: ẹni tó bá rí ohun tó sọnù nílẹ̀ yóò fi kọ́ ibi tó ga, kí olóhun lè rí i nígbà tó bá padà wá a. Àwa ń so nǹkan kọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Tiwọn, wọ́n ń so ó kọ́ kí olóhun lè rí i gbé. Ehoro wa ni wọ́n bá wa tọ́jú, àwa sì ń sá fún un bí ẹni tó jalè. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, Bọ́lá náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Bọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ́lá, o jàre. O jàre gbogbo ìwé tó o lẹ̀ fún wa. Ẹni tí kò dá ehoro ọmọ ọmọ ẹ̀ mọ̀, ó yẹ kí wọ́n máa kọ ọ́ fún un pé kó wẹ̀, kó jẹun."

"Ìwé wo, Màámi?"

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí fíríìjì, ó na ọwọ́ sí sítóòfù, ó na ọwọ́ sókè níbi tí ilé ìwẹ̀ wà.

Bọ́lá jókòó. "Ẹ̀yin lẹ rò pé mo kọ ọ́ sí? Màámi, èmi ni mo kọ ọ́ sí ara mi."

Ó ní ìgbà tí ọmọ wà ní ìkókó ni. Ọkọ rẹ̀ ti padà sí orí omi. "Mi ò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́. Mo gbé ìkòkò kaná, oorun gbé mi lọ, èéfín ló jí mi. Mo bá kọ ìyẹn. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ sínú ilé, mo gbé ọmọ dúró sínú òtútù títí aládùúgbò fi wá ràn mí lọ́wọ́. Mo kọ ìyẹn náà. Lọ́jọ́ kan mo wo dígí, mi ò rántí ọjọ́ tí mo wẹ̀ kẹ́yìn."

"O sì ń sọ fún mi lórí fóònù pé àlàáfíà ni."

"Kí ni kí n sọ? Wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ wá. Ṣé kí n máa pa yín lẹ́kún ní Ìtòkú ni?"

"Kí ló dé tó ò yọ wọ́n kúrò?"

"Bàbá Jamíù ṣì ń lọ sórí omi, Màámi. Ọjọ́ mìíràn ṣì máa ń wà tí mo nílò wọn."

Kò sí ibi tí wọ́n kọ ohun tí ìyàwó mi ṣe lẹ́yìn ìyẹn sí. Ó dìde, ó gbé ìkòkò méjì tó tóbi jù nínú ilé kaná. Bọ́lá ní omi gbígbóná wà nínú ẹ̀rọ lókè. Ìyá rẹ̀ ní omi tí kò kan iná kì í ṣe omi ìyá ìkókó. Ó tú báàgì rẹ̀, ó mú ọṣẹ dúdú, ó mú òrí, ó mú kànìnkànìn. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó kó wọn wá.

Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, ọmọ ti ń rìn."

Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ni mi ò tíì wẹ̀."

Mo bá wọn gbé omi gòkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ọmọ ń sùn sí mi láyà. Mo gbọ́ ìró omi. Mo gbọ́ tí Bọ́lá ní, "Ó gbóná, Màámi," tí ìyá rẹ̀ sì ní, "Ó gbọ́dọ̀ gbóná. Tẹ̀ síwájú, kí n fi tẹ ẹ̀yìn ẹ." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹkún, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá àti èyí tó jẹ́ ti ọmọ. Èmi náà sunkún. Mo ti ka tíì, mo ti ka ológbò, mo ti ka àga, mo sì wọ ilé ọmọ mi, n kò mọ ohun tí mo ń kà.

Bọ́lá sùn láti alẹ́ ọjọ́ náà títí ọ̀sán fi pọ́n lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, bí ìyá rẹ̀ bá ní kí ó gbé ọmọ wá, yóò gbé e wá. Ìwé ara dígí ni ó kọ́kọ́ yọ fúnra rẹ̀. Ó fi ti ara sítóòfù sílẹ̀, mo sì bá a tún un kọ pẹ̀lú lẹ́tà tó dúró, nítorí n kò lè wo lẹ́tà wíwọ́ ní ilé ọmọ mi.

Nígbà tí àkókò tí wọ́n fún wa pé, a padà wálé. Mùfú ló wá gbé wa ní Ìkẹjà. Ní Itori, a ra bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà, ó gbóná, wọn kò sì kọ ọ́ síbì kankan pé ó gbóná. Àwọn ará Kemta kún inú ilé, wọ́n ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo sọ ti ológbò onítìjú, mo sọ ti àga olóògbé, wọ́n fi ẹ̀rín pa ara wọn. N kò sọ ti omi gbígbóná fún wọn. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò jù báyìí lọ: gbogbo àkọlé tí mo kà lókè òkun, kò sí èyí tó tàn mí bí "àlàáfíà ni" tí ọmọ mi ń sọ lórí fóònù, èmi tí mo sọ pé mo mọ àkọlé.

Ìyàwó mi kì í bi Bọ́lá mọ́ bóyá àlàáfíà ni. Ní àárọ̀ àná, mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìtòkú. Ó gbé fóònù dúró sára ìdì àdìrẹ, Àkànní wà nínú rẹ̀, inú ibùsùn onírin rẹ̀ ni ó wà, ehoro wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìró omi ń wá láti ilé ìwẹ̀ wọn, ìyá rẹ̀ àgbà sì ń kọrin fún un. Oníbàárà kan láti Ìbàdàn ti dúró tì í pẹ́, aṣọ mẹ́ta wà ní apá rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ dá mi lóhùn, mo fẹ́ máa lọ."

Ìyá Bọ́lá kò gbé ojú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀ fún mi. Ọmọ mi ń wẹ̀."